Kọ̀ǹpútà Tí Mo Gbé Lọ fún Àkọ́so

Òpópónà Ìkòsí, Kétu, Èkó.
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì, 2005.

Enoch, ọmọ mi,

Mo kí ọ káàárọ̀, mo sì kí ọ káalẹ́, nítorí mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọyẹ́ ń mú níbí, ètè gbogbo wa ti bó, ṣùgbọ́n ara le. Ṣé òtútù Dublin yẹn ti dẹwọ́ díẹ̀? Bólúwatifẹ́ àbúrò rẹ ní kí n kí ọ kó tó padà sí iléèwé ní Ìlọrin. Alàgbà Ọláwuyì, alága ìkórè wa ní ìjọ, tún béèrè rẹ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ẹ̀rín tó máa ń rín tó bá ń béèrè ọmọ ọlọ́mọ yẹn náà ló tún rín. Ó ní, "Màmá Enoch, ọmọ yín yẹn ṣì wà láyé?" Mo ní ó wà láyé dáadáa, ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló dí.

Ṣọ́ọ̀bù ń lọ. Àwọn ọmọ iléèwé ń gbé iṣẹ́ wá kí n bá wọn táìpù, àwọn olókùú náà ń wá ṣe ètò ìsìnkú. Baba Pẹ́ńṣàn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. O rántí ọjọ́ tí bàbá rẹ gbé kọ̀ǹpútà yẹn wálé, tí wọ́n ní ilé iṣẹ́ ìjọba ti lé kọ̀ǹpútà náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí ìwọ fúnra rẹ sì sọ ọ́ ní Baba Pẹ́ńṣàn? Wọ́n ní kò lè lo ọdún kan mọ́. Bàbá rẹ tó gbé e wálé ti sùn, òun ṣì ń táìpù.

Eruku ọyẹ́ yìí ló fẹ́ dá a lágara. Ní gbogbo Sátidé mo ń tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì àtíkè gbọn inú rẹ̀, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ò bá dé, mo ń fi páǹpù bàsíkùlù fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí mo ṣe kọ́ ọ náà ni. Tí iná Nẹ́pà bá ti ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, mo ti pa á. Tí iṣẹ́ ò bá sí lórí rẹ̀, mo ti pa á. Ẹ̀rọ tí èèyàn bá fi sílẹ̀ ní títàn lásán, èèyàn ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú ni, ó sì ń fi epo jẹnẹrétọ̀ ṣòfò. Success àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti wá sọ mí ní Mummy Ẹ-Pa-Á. Kí wọ́n máa pè é.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. O ní o máa wálé ní ìkórè èṣí, o ò wá, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n fọ́tò ńkọ́? Láti ìgbà tó o ti lọ, mi ò rí fọ́tò rẹ kan ṣoṣo. Èyí tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ìgbà yẹn o ò tíì hu irùngbọ̀n. Ṣé o ti sanra ni àbí o ti rù? Mi ò béèrè aṣọ lọ́wọ́ rẹ, mi ò béèrè bàtà. Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí.

Èmi ìyá rẹ,
Martha.


Dublin.
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, 2005.

Mummy mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bú mi. Ẹ má bínú, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè kọ̀wé. Ara mi le, mo ń jẹun, ẹ má ronú.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo ní. Felix, tí a jọ ń gbé yàrá kan náà, máa wá sílé lóṣù Kẹsàn-án láti sin bàbá rẹ̀. Ó máa gbé láptọ́ọ̀pù kan wá fún yín. Tuntun ni o, Mummy. Tuntun nínú páálí. Èmi ni mo ní kí Felix yọ ọ́ kúrò nínú páálí rẹ̀ kí àwọn aṣọ́bodè má baà dà á láàmú. Tó bá ti dé, ẹ bá mi gbé Baba Pẹ́ńṣàn yẹn sọ nù. Ojú ń tì mí. Ìyá ọmọ tó wà lókè òkun, ẹ ṣì ń fi páǹpù bàsíkùlù fẹ́ kọ̀ǹpútà nínú Kétu! Níbí, ọdún mẹ́ta péré, wọ́n ti kó o dànù, wọ́n ti ra òmíràn.

Ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù náà lé orí bẹ́ẹ̀dì tàbí aṣọ, kó má baà gbóná. Ẹ máa rọra ṣí i, apá òsì ìdérí rẹ̀ le díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí Success fi tipátipá ṣí i.

Ti fọ́tò, màá yà á. Kò kàn tíì sí àyè ni. Ìwé ìgbélùú mi náà kò tíì jáde, tó bá jáde, ẹsẹ̀ kan náà ni mo fi máa dé. Ẹ kí Bólúwatifẹ́. Ẹ kí Alàgbà Ọláwuyì tó ń béèrè mi, ẹ sọ fún un pé mo wà láyé.

Ọmọ yín,
Enoch.


Kétu.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá, 2005.

Enoch, ọmọ Martha, ọmọ tó mú inú ìyá rẹ̀ dùn,

Felix ti wá, ó ti lọ. Kí Ọlọ́run tu òun náà nínú. Láptọ́ọ̀pù náà rèé níwájú mi. Háà, ó fúyẹ́ o! Baba Pẹ́ńṣàn, èèyàn méjì ló ń gbé e, èyí, abẹ́ abíyá lásán ni mo fi gbé e délé. Mo tàn án lẹ́ẹ̀kan láti rí i pé ó jí, mo sì pa á lójú ẹsẹ̀. Mo wá fi aṣọ funfun bò ó.

O máa ní kí ló dé tí mi ò lò ó. Gbọ́ mi. Owó oúnjẹ tó ò ń fi ránṣẹ́ látìgbà yìí, oúnjẹ ni, a ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan tuntun, nǹkan tó ṣeé gbé sókè kí gbogbo ayé rí i, èyí ni àkọ́kọ́ tó ti ọwọ́ rẹ wá láti ìgbà tó o ti débẹ̀. Nínú ilé wa, a kì í lo àkọ́kọ́ nǹkan báyìí fún ara wa, ti Ọlọ́run ni. Bàbá rẹ kó gbogbo owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ìjọ, gààrí la fi parí oṣù yẹn, a ò kú. Ọjọ́ tí mo ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi àkọ́kọ́, lẹ́tà ìjọ ni mo kọ́kọ́ fi tẹ̀, títí oṣù kan fi pé. Nítorí náà, àkọ́so rẹ ni láptọ́ọ̀pù yìí. Ogúnjọ́ oṣù Kọkànlá ni ìkórè. Màá gbé e lọ síwájú pẹpẹ, Pásítọ̀ á gbàdúrà sí i, wọ́n á pe orúkọ rẹ.

Mo ti sọ fún Alàgbà Ọláwuyì. Mo ní tuntun nínú páálí ni. Ó tún bi mí pé, "Tuntun?" Mo ní, "Tuntun, ọmọ mi kì í parọ́." Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo rí i tí ẹ̀rín yẹn kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Baba Pẹ́ńṣàn ò ní lọ síbì kankan. Má bá mi sọ ọ́ mọ́.

Wọ́n ti já fóònù mi gbà ní Mile 12, nítorí náà tó o bá ń pè tí kò wọlé, kì í ṣe pé mo kú. Fọ́tò mi ńkọ́?

Ìyá rẹ,
Martha.


Dublin.
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá, 2005.

Mummy,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù yẹn lọ sí ìjọ. Mo ti pe fóònù yín títí, kò wọlé. Mo pe Bólúwatifẹ́, kò gbé e. Ẹnì kan tó ń bọ̀ wá sí Èkó lọ́sẹ̀ yìí ni mo fi lẹ́tà yìí rán, mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ni mo fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe Pásítọ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa lò ó. Tó bá jẹ́ àkọ́so ni, màá wá nǹkan mìíràn, Mummy, màá wá a, kó tó di ọdún tuntun. Ẹ sọ fún wọn pé ó bàjẹ́. Ẹ sọ pé omi dà sí i. Ẹ sọ ohun tó bá wù yín. Ẹ má bi mí ní ìdí.

Mo bẹ̀ yín.
Enoch.


Kétu.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá, 2005.

Enoch,

Mi ò kí ọ. Tí o bá fẹ́ kí n kí ọ, kọ́kọ́ ka èyí tán.

Ọjọ́rú tó kọjá ni ẹni tó o rán níṣẹ́ tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní ìlú òun ni òun kọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ọjọ́ náà ni ìkórè.

Aṣọ funfun ni mo wọ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé e, èmi fúnra mi ni mo gbé e jó dé iwájú pẹpẹ. Wọ́n kéde pé, "Àkọ́so láti ọwọ́ Enoch, ọmọ ìjọ wa tó wà lókè òkun, kọ̀ǹpútà tuntun!" Ìjọ pàtẹ́wọ́. Alàgbà Ọláwuyì ló so ó mọ́ iná, ó ṣí i, ó tàn án, ó dojú rẹ̀ kọ ìjọ kí gbogbo èèyàn lè rí i. Pásítọ̀ wá ní ká di ojú.

Àdúrà yẹn gùn, Enoch. Ó gbàdúrà fún àga tó o jókòó lé ní ọ́fíìsì. Ó ní àwọn tó jù ọ́ lọ níbẹ̀ máa dìde fún ọ. Ó gbàdúrà fún ìwé ìgbélùú rẹ. Mo ń ṣe Àmín, omijé ń bọ́ lójú mi. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tá a la ojú, fọ́tò ajá ló wà lójú rẹ̀.

Ajá ńlá onírun, ó yọ ahọ́n. Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Ajá lọ, òyìnbó onímú pupa kan dé, ó jókòó sétí omi, ó ń mu bíà. Bíà o, níwájú pẹpẹ! Alàgbà Ọláwuyì yíjú sí mi, ó ní, "Màmá Enoch, ṣé inú páálí ni wọ́n ti bá ajá yẹn ni?" Ìjọ rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín.

Mo sáré lọ láti pa á. Ọwọ́ mi ti nà, kò tíì kàn án, nígbà tí fọ́tò mìíràn dé. Inú ọ́fíìsì kan ni. Àwọn òyìnbó dé fìlà bébà, wọ́n yí kéèkì kan ká, àbẹ́là ń jó lórí rẹ̀. Lẹ́yìn wọn, létí ilẹ̀kùn, ẹnì kan dúró, ó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó di àpò pàǹtí dúdú mú, ìgbálẹ̀ wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ń wo kéèkì náà. Success, ọmọ tí kò rí ọ rí ju ti ara ògiri lọ, òun ló pariwo: "Ha! Bọ̀dá Enoch rèé!"

Ọwọ́ mi dúró síbẹ̀. Mi ò lè pa á mọ́. Mi ò fẹ́ pa á mọ́. Ọdún márùn-ún ni mo fi bẹ̀ ọ́ pé kí o fi fọ́tò ránṣẹ́, iwájú pẹpẹ, lójú gbogbo ìjọ, ni mo ti wá rí ọ. O ti rù. Irun iwájú orí rẹ ti ń lọ bíi ti bàbá rẹ. Kí n tó wò ọ́ tán, o ti lọ, ajá ti padà dé.

Pásítọ̀ rọra bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní àkọ́so kì í ṣe nǹkan tí ẹlòmíràn ti lò kù, ó ní kí n má bínú. Alàgbà Ọláwuyì ló gbé e padà fún mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án jìnnà sí ara rẹ̀, bí ẹni tó gbé àwo ọbẹ̀ tó ti kan.

"Ọmọ mi kì í parọ́." Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Enoch, o mú mi parọ́ níwájú Ọlọ́run, lójú Ọláwuyì. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Kí ló tún kù tó o sọ fún mi pé tuntun ni?

Martha.


Dublin.
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta, 2006.

Mummy,

Ẹ kú àtijọ́. Ó pẹ́ kí n tó lè kọ èyí, torí gbogbo èyí tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀, mo fà á ya.

Ẹ ní iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mò ń gbálẹ̀ ni. Ìgbà tí mo kọ̀wé pé mo ti ríṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan, ọ́fíìsì náà wà, mo sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé àga sí i. Ẹ̀yin lẹ gbé e lọ bá Ọláwuyì, ẹ gbé e lọ bá Pásítọ̀, gbogbo Kétu títí dé Alápẹ̀rẹ̀ gbọ́. Nígbà tí mo máa fi mọ̀, mo ti di ọ̀gá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ̀kalẹ̀ mọ́? Ẹ wí.

Wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n kó àwọn ti tẹ́lẹ̀ jọ sẹ́bàá ibi tí mo ti ń da pàǹtí. Òyìnbó onímú pupa yẹn ló ni ọ̀kan. Mo bi í bóyá mo lè mú un. Ó ní kí n mú un, ó ti kú. Kò kú, Mummy. Mo tú u bí ẹ ṣe kọ́ mi. Eruku ti dí fáànù kékeré inú rẹ̀ pa, ìyẹn ló ń jẹ́ kó gbóná kó sì máa kú. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ọ́n, mo yá páǹpù lọ́wọ́ Felix, mo fẹ́ ẹ. Mo ra bátìrì sí i, mo ra mẹ́mórì sí i, mo fi síkúrúù mìíràn di ìdérí apá òsì tó ti já. Oṣù bíi mélòó kan ni mo fi ń ṣe é. Ọjọ́ tó jí, mo pariwo, èmi nìkan nínú yàrá. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún.

Mo jókòó láti kọ ọ́, kálámù ò lọ. Ọdún karùn-ún, ohun tí mo rí fi ránṣẹ́ sí ìyá mi, ẹ̀gbẹ́ ààtàn ni mo ti rí i. Bí mo ṣe kọ "tuntun" nìyẹn.

Mo rò pé mo ti nu gbogbo ẹrù onímú pupa kúrò nínú rẹ̀. Àwọn fọ́tò tó máa ń jáde fúnra wọn tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án yẹn, mi ò mọ̀ pé wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wà nínú fọ́tò kankan. Ọjọ́ yẹn, wọ́n ní kí n dúró kí wọ́n jẹ kéèkì tán, kí n tó wá kó pàǹtí. Mo dúró. Wọn ò fún mi níbẹ̀.

Ẹ pe ẹnì kan kó pa fọ́tò yẹn rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ sọ láptọ́ọ̀pù náà sínú kànáà, mi ò ní bínú.

Enoch.


Kétu.
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹrin, 2006.

Enoch ọmọ mi,

Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ara mi le, mo ti kí ọ báyìí. Ìbínú mi ò tíì tán, ṣùgbọ́n ó ti yí sí ibòmíràn.

Ìwọ ọmọ yìí, o ò gbọ́n rárá. Ta lò ń fi kọ̀ǹpútà àlòkù pa mọ́ fún? Èmi? Èmi Martha tí mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì àtíkè tọ́jú Baba Pẹ́ńṣàn? Ká ní o kọ̀wé pé, "Mummy, wọ́n kó o dànù, mo gbé e, mo tú u, mo jí i," ṣé o rò pé màá gbé e lọ síbì kan? Orí tábìlì mi ni ì bá wà títí dòní. Màá pe gbogbo Òpópónà Ìkòsí wá wò ó. Màá ní, ẹ wò ó, ohun tí òyìnbó ní ó ti kú, ọmọ mi ló jí i, ọwọ́ mi ló ti kọ́ ọ. Màá yangàn títí ojú á fi ti Ọláwuyì. Ìwọ lo ní tuntun ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dé iwájú pẹpẹ, kì í ṣe èmi. Nǹkan tó dára jù tó o ṣe láyé rẹ, o fi irọ́ bà á jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo gbé àga sí i. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé o lè bá mi rí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní òun wà ní ọ́fíìsì, tí á rò pé ó wà lórí ìdúró?

Láptọ́ọ̀pù náà ni mo fi ń táìpù lẹ́tà yìí. Kò gbóná, kò dákú. Mo ń rọra ṣí apá òsì, mo ti wá mọ ìdí. Ó ti bá mi ṣe iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé mélòó kan, Baba Pẹ́ńṣàn náà ti rí ẹni bá a gba iṣẹ́.

Gbọ́ èyí, òun ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Máa bọ̀ nílé. Mo mọ̀ pé tó o bá kúrò níbẹ̀ láìsí ìwé, o ò ní lè padà. Má padà. Gbogbo Kétu ti kún fún kàfé báyìí, kọ̀ǹpútà àlòkù ni gbogbo wọn ń lò, tó bá ti dákú, wọn ò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, wọ́n kàn ń kó o jọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Apá kan ṣọ́ọ̀bù yìí ṣófo. Tìrẹ ni. Ọwọ́ tó jí èyí, iṣẹ́ ò lè wọ́n ọn. Wọ́n á sọ̀rọ̀ rẹ ní ìjọ, wọ́n á sọ ọ́ títí á fi sú wọn. Tó o bá ti rù, máa bọ̀. Tó bá jẹ́ ọwọ́ lásán ni, máa bọ̀. Mi ò ní gbé ọ lọ síwájú pẹpẹ.

Ìyá rẹ,
Martha.


Dublin.
Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án, 2006.

Mummy,

Mo rí lẹ́tà yín, ó ti pẹ́. Mo kà á lọ, mo kà á bọ̀.

Mi ò lè wá. Ẹ má ní kí n wá mọ́. Tí mo bá bọ́ọ́lẹ̀ ní Kétu báyìí, "agbálẹ̀ ti dé" ni wọ́n máa wí, àwọn ọmọ kéékèèké á mọ̀ mí torí àpò pàǹtí. Ẹ̀yin lè gbé e mì, èmi ò lè gbé e mì. Ọjọ́ tí mo bá ní nǹkan lọ́wọ́ ni ẹ máa rí mi.

Ẹ ti ń béèrè fọ́tò. Ó wà nínú àpò ìwé yìí. Mo lọ yà á fún yín ni. Ẹ yọ èyí tó wà lára ògiri kúrò, ẹ gbé èyí kọ́, kẹ́ ẹ sì rí i pé Alàgbà Ọláwuyì rí i. Ṣé wọ́n ti pa èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn rẹ́? Ẹ ò sọ fún mi.

Enoch.


Kétu.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kìíní, 2007.

Enoch ọmọ mi,

Ọyẹ́ tún ti dé, mo ti tún gbé búrọ́ọ̀ṣì àti páǹpù. Ọdún tuntun yìí á tù ọ́ lára, ibi yòówù kó o wà.

Fọ́tò rẹ dé. Kóòtù náà dára, mọ́tò tó o fara tì ń dán yanran. Bólúwatifẹ́ wò ó, ó ní apá kóòtù yẹn gùn jù ọ́ lọ. Mo ní kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n èmi náà ti rí i.

Alàgbà Ọláwuyì wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí n bá a táìpù ètò ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo fi fọ́tò náà hàn án bó o ṣe ní kí n ṣe. Ó wò ó, ó ní, "Ó dára," ó gbé e lélẹ̀. Ìgbà tá à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, láptọ́ọ̀pù tí mi ò fọwọ́ kàn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ajá dé, onímú pupa dé, ìwọ náà dé pẹ̀lú àpò rẹ. Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ojú rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó ní, "Màmá Enoch, ọmọ yín ti rù o. Ṣé wọ́n ń fún un lóúnjẹ níbẹ̀ ṣá?" Láti ìgbà tó o ti lọ, ọjọ́ yẹn nìkan ló béèrè rẹ bí èèyàn ṣe ń béèrè ọmọ ẹlòmíràn. 

Mo ti dá fọ́tò onímọ́tò rẹ padà sínú àpò ìwé yìí. Fi fún ẹni tó yá ọ ní kóòtù yẹn. Mi ò fẹ́ tuntun láti ọwọ́ rẹ mọ́, Enoch, èyí tí mo gbà tẹ́lẹ̀ ti tó mi. Wọn ò pa èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́, wọn ò sì ní pa á rẹ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé. Òun nìkan ni fọ́tò tí mo ní tí kò parọ́ fún mi. Ọjọ́ tó o bá dé, ìwọ fúnra rẹ lè pa á rẹ́.

Success ní mi ò tún jẹ́ Mummy Ẹ-Pa-Á mọ́, ó ní òun fẹ́ gba oyè yẹn lọ́wọ́ mi. Òótọ́ ló wí. Jẹnẹrétọ̀ ń jẹ epo, mo mọ̀. Kò dáa fún ẹ̀rọ, mo mọ̀, èmi ni mo kọ́ gbogbo yín. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá ti tán, tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, mo ń fi láptọ́ọ̀pù yẹn sílẹ̀ ní títàn. Mo máa ń jókòó síwájú rẹ̀, màá ká ọwọ́ mi sí itan, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ajá yẹn á kọjá. Onímú pupa á kọjá. Lẹ́yìn náà lo máa ń dé.

Ìyá rẹ,
Martha.